Pápá Tí Àbdùlgàfár Fi Ẹsẹ̀ Wọ̀n

Bí ẹ bá dé pápá gọ́ọ̀fù tó wà lẹ́yìn Awà, lọ́nà Mamu, ẹ ó rí pátákó funfun kan lẹ́nu géètì. Wọ́n kọ ọ́ sí i pé òyìnbó onípákó kan ló ṣètò pápá náà ní ọdún 1970. Irọ́ gbuu ni. Òyìnbó náà kò ṣètò nǹkan kan ju àga tó fi ń jókòó wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ẹni tó ṣe pápá yẹn ni Àbdùlgàfár, àgbẹ̀ oníkòkó ará abúlé Ìdí-Àràbà, tí kò lu bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù kan ṣoṣo títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹni tó sì ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, Nimotalahi, tí gbogbo abúlé ń pè ní Ìyá Ràhmát. Orúkọ tòun náà kò sí lára pátákó. Bí ẹ bá bi mí, èmi ó ní kí wọ́n fi pátákó náà dáná gàrí.

Ọmọ ọdún méje ni Nimotalahi nígbà tí òyìnbó náà dé. Iléeṣẹ́ tó ń la igi gẹdú ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló ń bá ṣiṣẹ́. Inú igbó apá Abigi ni ọkọ̀ ti ń kó igi wá fún wọn. Ó ń wá ibi tí yóò ti máa lu bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé, ó sì yá ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí Àbdùlgàfár fún ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù tó dá sílẹ̀. Kò rà á o, ó yá a ni. Ó tẹ́ ìwé sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó fi rúlà fa ìlà mẹ́sàn-án gbọọrọ, ó ní ibi tí ihò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yóò wà nìyẹn; ihò ni wọ́n ń pe ọ̀nà koríko kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ihò tó wà ní òpin rẹ̀. Àbdùlgàfár wo ìwé, ó wo ilẹ̀, ó ní omi òjò yóò gbé mẹ́ta lọ nínú wọn. Wọ́n ní kí ó dákẹ́, pé àgbẹ̀ ni. Òjò ńlá kẹta tó rọ̀ lọ́dún náà gbé mẹ́rin lọ.

Ìgbà náà ni wọ́n tó fún un ní àyè pé kí ó ṣe é bí ó bá ṣe fẹ́. Nimotalahi ló ń gbé ike omi tẹ̀ lé e, torí náà, ohun tí mò ń sọ yìí, ojú rẹ̀ ló ṣe. Bàbá náà kò fi rúlà wọn ohunkóhun. Ó ń rìn ni, àdá lọ́wọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti fẹ́ yà fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀nà koríko náà ń yà sí. Ibi tí omi bá ti fẹ́ gbà, ó fi í sílẹ̀ fún omi. Ní ihò karùn-ún, ọ̀pẹ kan dúró sáàárín ọ̀nà gbọnrangandan. Òyìnbó ní kí wọ́n gé e. Àbdùlgàfár ní ọ̀pẹ náà ní ẹni tó ni ín, kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe òyìnbó. Ẹni tó bá fẹ́ lu bọ́ọ̀lù, kí ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pẹ kọjá. Ihò keje wà lórí òkè. Ẹni tó bá lù ú ní àlùjù níbẹ̀, inú oko kòkó oníkòkó ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ, yóò sì rin ìrìn ìtìjú lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ olóko kí ó tó wọlé mú un. Pápá tó mọ ìwà nìyẹn. Ó ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù láìbá a wí.

Kò sí koríko rírọ̀ lẹ́nu àwọn ihò náà bí ẹ ti ń rí i nínú tẹlifíṣàn. Yanrìn ni, tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì ti lò tì, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e, kí òjò má sì wọ́ ọ lọ. Pákó gbọọrọ kan wà tí wọ́n so okùn mọ́. Wọ́n á máa wọ́ ọ yípo lórí yanrìn náà títí yóò fi tẹ́jú. Iṣẹ́ Nimotalahi nìyẹn. Bí ó bá ti kí ìrun àsùbáà tán, yóò ró ìró tó ti fa ọ́ìlì mu lé èyí tó fi kírun, yóò sì gba pápá lọ. Kí oòrùn tó gòkè, ojú yanrìn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti tẹ́. Ó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ sọ pé ibí yìí ga ju ibẹ̀ yẹn lọ ní ìwọ̀n ìka kan.

Ṣùgbọ́n ihò kẹta ni ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀nà oko Ìdí-Àràbà ló dábùú ihò náà, ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ti ń tọ̀ kí òyìnbó tó mọ ibi tí Awà wà. Àbdùlgàfár kò dí i. Òfin kan ṣoṣo ló ṣe sí i, òfin náà sì le: ẹni tó bá rẹrù ni yóò kọ́kọ́ kọjá. Ẹni tó bá lu bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹlẹ́rù ṣì wà lójú ọ̀nà ti pàdánù ihò náà nìyẹn, kò sí ẹ̀bẹ̀. Òyìnbó dúró dè wọ́n. Sójà dúró dè wọ́n. Mánija bánkì dúró nínú oòrùn, ó ń nu òógùn, títí ìyá arúgbó kan fi gbé agbọ̀n ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kọjá, tí ó tún yíjú padà kí i pé ó kú ìdúró. Èmi kò tíì rí òfin tó bu iyì fún ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìwé òfin ìjọba.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ títí wọ́n fi yan alága tuntun fún ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọládàpọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, Òkè-Sópẹ̀n ni ilé bàbá rẹ̀. Èkó ló ti ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún; nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ Orù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí ó bá rí Nimotalahi, á ní, “Màmá, ẹ kú iṣẹ́,” á tiẹ̀ fún un lówó nígbà ọdún Iléyá. Àìsàn tó ń ṣe é ni pé ojú ń tì í nítorí pápá náà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Èkó wá a wá, wọ́n rí yanrìn dúdú, wọ́n rí ọ̀pẹ láàárín ọ̀nà, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí gbogbo wàhálà. Ó lọ mú ọ̀dọ́kùnrin kan wá tí ń jẹ́ Ṣèyí, ẹni tó ń ya àwòrán pápá, pé kí ó wá sọ ibẹ̀ di ibi tí èèyàn lè fi yangàn.

Ṣèyí gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká dé. Ọjọ́ méjì ló fi rìn ín, pẹ̀lú bàtà funfun. Lọ́jọ́ kẹta, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ó ní pápá kò ní ìlànà; ó ní ihò kẹta léwu, pé bí bọ́ọ̀lù bá ba àgbẹ̀ kan pẹ́nrẹ́n, ẹgbẹ́ yóò rojọ́ ní kóòtù. Wọn yóò fi wáyà yí gbogbo rẹ̀ ká, wọn yóò dí ọ̀nà oko.

Nimotalahi na ọwọ́ bí ọmọ iléèwé. Ó ní, “Láti àádọ́ta ọdún ó lé, ta ni bọ́ọ̀lù ti bà níbẹ̀?”

Ọládàpọ̀ wúkọ́, ó ní, “Màmá, ayé ti yí padà.”

Kí ayé yí padà kẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ayé ṣe yí padà fún yín. Wọn kò tíì ri òpó wáyà tán tí wọ́n fi gbé ọlọ́dẹ kan síbi tí ọ̀nà oko ti wọ pápá. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Hasanat, ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n Nimotalahi, ń bọ̀ láti oko, ọmọ oṣù mẹ́rin lẹ́yìn, abọ́ ẹ̀gẹ́ lórí. Ọlọ́dẹ ní kí ó padà, kí ó gba títì. Títì yẹn, máìlì mẹ́ta ó lé ni.

Hasanat ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀ ń rí ulé wa lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Ẹ wá ní kí n yí Awà po kí n tó débẹ̀?”

Ọlọ́dẹ ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun lòun ń jẹ́. Ìyàwó ọlọ́mọ yẹn padà. Ẹ̀gbẹ́ títì ló gbà, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń fẹ́ eruku lù ú, ọmọ ń ké. Nígbà tó délé, kò lè yí ọrùn. Nimotalahi fi omi gbígbóná jó o lọ́rùn títí ìrọ̀lẹ́, kò sì sọ̀rọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bí Ìyá Ràhmát bá ń pariwo, àánú ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí ẹ sá.

Ó lọ bá Ọládàpọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀, àgbàlagbà ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó kúnlẹ̀ fún ẹni tó fi ọdún méjì pére jù ú lọ. Ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó jẹ́ kí ọ̀nà wà, kí wọ́n tilẹ̀ ṣe géètì kékeré kan síbẹ̀. Ọládàpọ̀ fà á dìde pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní òun yóò gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n jẹ ẹran ìgbẹ́, wọ́n mu bíà, wọ́n ní rárá. Ìwé kékeré kan ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.

Wàyí o, ààlà ilẹ̀ tí ẹbí yá wọn, pẹ̀rẹ̀gún ni wọ́n fi sàmì rẹ̀. Gbogbo ọmọ Yorùbá ló yẹ kó mọ̀ pé bí a bá rí pẹ̀rẹ̀gún lórí ìlà nínú igbó, ọ̀rọ̀ àwọn baba méjì ló wà níbẹ̀: ibí ni tèmi parí sí, ibẹ̀ ni tìrẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń pẹ́ láyé, iná oko kì í pa á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yàn án. Ẹni tó bá sì fa pẹ̀rẹ̀gún ààlà tu, olè ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é, ọmọ rẹ̀ pàápàá á jogún orúkọ náà. Ìlà pẹ̀rẹ̀gún yìí wà lẹ́yìn ihò kẹta, níbi tí pápá ti pàdé oko abúlé. Ibẹ̀ gan-an sì ni Ṣèyí fẹ́ ri òpó wáyà mọ́.

Ó ní kí àwọn lébìrà hú u kúrò. Nimotalahi ju pákó rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ bá a. “Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ààlà ni.”

Ṣèyí rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìwọ̀sí, ẹ̀rín ẹni tí nǹkan dá lójú ni. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní, “Màmá, gbogbo ààlà ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Sátẹ́láìtì ló wọ̀n ọ́n.”

Wọ́n hú u. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ wu Ṣèyí. Ó ní òdòdó tó dára báyìí kò yẹ ní jíjù nù, pé bí wọ́n bá tò ó sí àárín ihò kejì àti ihò kẹta, yóò dùn-ún wò láti ibi tí àwọn ọ̀gá ń jókòó sí. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ké sí alága kí ó wá gbin àkọ́kọ́.

Ọládàpọ̀ sì wá! Ọmọ bíbí Òkè-Sópẹ̀n, ẹni tí wọ́n bí, tí wọ́n tọ́, tó gbọ́ Ìjẹ̀bú dáadáa, mú ṣọ́bìrì, ó gbin pẹ̀rẹ̀gún sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òdòdó. Ó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣèyí, mo lè dárí jì í; ọmọdé ni, ìlú ńlá ló ti dàgbà. Ṣùgbọ́n èwo ni ti àgbàlagbà tó gbàgbé ohun tí kò yẹ kí ènìyàn kọ́ lẹ́ẹ̀mejì? Nimotalahi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kejì, ó fi ọwọ́ méjèèjì di okùn pákó rẹ̀ mú. Ẹnu ń yún un láti sọ̀rọ̀. Ó rántí ọrùn Hasanat. Kò sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n gbin èyí tó kẹ́yìn tán, ó fọ ọwọ́, ó fọ ẹsẹ̀, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Ṣàkírù, olórí ẹbí. Ó sọ fún un ohun tó rí. Bàbá Ṣàkírù ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bàbá náà ṣí fìlà, ó ní, “Àwọn fúnra wọn ló gbìn ín? Pẹ̀lú ọwọ́ wọn?” Ó lọ sí abẹ́ ibùsùn, ó fa àpótí ìwé ẹbí jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn ọ̀gá dé ihò kẹta, wọ́n bá ènìyàn mẹ́tàlá lórí àga nínú koríko. Bàbá Ṣàkírù wà láàárín, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Nimotalahi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọládàpọ̀ bi wọ́n pé kí ló dé.

Bàbá Ṣàkírù ní, “A wá dúpẹ́ ni. Ẹ ṣeun tí ẹ dá ilẹ̀ wa padà.”

“Ilẹ̀ wo, sà?”

“Èyí tí ẹsẹ̀ wa wà lórí rẹ̀ yìí. Ẹ fa ààlà àtijọ́ tu, ẹ sì fi ọwọ́ ara yín gbin tuntun. A wò ó, ó tẹ́ wa lọ́rùn. Láti ibi pẹ̀rẹ̀gún yẹn lọ sọ́hùn-ún ni tiyín. Láti ibẹ̀ bọ̀ wá síhìn-ín, ti Àbdùlgàfár ni.”

Ọládàpọ̀ fẹ́ fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ojú ẹni mẹ́tàlá ni kò jẹ́ kí ẹ̀rín jáde. Ó ní àwọn ní pílánì, sọ́feyọ̀ ló yà á. Dókítà Adétutù wà lára àwọn tó ń lu bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, obìnrin tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin ní Àgọ́-Ìwòyè. Ó gba ìwé tí Bàbá Ṣàkírù mú dání, ìwé tí òyìnbó àti Àbdùlgàfár tẹ̀ka sí. Ó kà á sókè. Kò sí pílánì níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ilẹ̀ tí wọ́n yá ẹgbẹ́ yóò máa jẹ́ tirẹ̀ láti lò dé ibi tí pẹ̀rẹ̀gún wà.

Ó bi Ọládàpọ̀ pé, “Ta ni nínú ẹbí yìí ló fọwọ́ sí pílánì tiyín?”

Ọládàpọ̀ ní kò sí.

“Ẹ̀yin lẹ sì gbin pẹ̀rẹ̀gún yìí?”

Ọládàpọ̀ fẹ́ ṣàlàyé. Adétutù yọ fóònù, ó fi fọ́tò tí alága fúnra rẹ̀ fi sórí Wọ́sáàpù ẹgbẹ́ hàn án: òun nìyẹn, ṣọ́bìrì lọ́wọ́, eyín síta. “Ọ̀gá,” ó ní, “bí ẹ bá lè gbé èyí lọ síwájú adájọ́ tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí wá wòran.”

Àwọn ọ̀dọ́ ẹbí ti dìde, wọ́n ní àwọn yóò kọ ebè sí ihò náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Ọ̀kan ti gbé ọkọ́ dání. Nígbà náà ni Nimotalahi dìde. Ó ní ẹni tó bá fi ọkọ́ kan ihò tí bàbá òun ṣe, òun ló máa kọ́kọ́ bá a jà.

Ẹnu yà wọ́n. Ọ̀dọ́ tó gbé ọkọ́ ní, “Ìyá, ìjà yín náà ṣáà la ń bá yín jà.”

“Ọ̀nà ni mò ń jà fún,” ó ní. “N kò ní kí ẹ ba uṣẹ́ Bàbá mi jẹ́.”

Bàbá Ṣàkírù ní kí Nimotalahi fúnra rẹ̀ dá ẹjọ́ náà, pé ohun tó bá sọ ni ẹbí yóò tẹ̀ lé. Nimotalahi yíjú sí Ọládàpọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga. Ó ní wọ́n lè máa lu bọ́ọ̀lù wọn ní ihò kẹta, torí pápá tó ní ihò méjọ, bí ẹnu tí eyín kan ti yọ ni. Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n níbẹ̀ láti òní lọ. Kí wọ́n ká wáyà wọn. Kí ọlọ́dẹ wọn lọ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Hasanat. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún dí ọ̀nà mọ́ ẹlẹ́rù kan, ẹ̀gẹ́ ni wọn yóò bá níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọládàpọ̀ gbà. Kí ni ìbá ṣe? Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti fa òpó wáyà tu, Hasanat sì ti gba ọ̀nà náà kọjá lọ sí oko lọ́wọ́ òfo, ó kàn fẹ́ rìn ín ni.

Nígbà tí àwọn yòókù lọ tán, alága dúró. Ó tẹ̀ síwájú sọ́dọ̀ Nimotalahi, ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó dà bí ẹni tí inú ń bí, ó sì tún dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ wà níbẹ̀. Ẹ dúró, ẹ̀ ń wò mí bí mo ṣe ń gbìn ín. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Mo sọ fún ọmọ yín, ó ní sátẹ́láìtì mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin, n kò sọ fún yín. Inú ń bí mi.” Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì gbójú sílẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ọma Òkè-Sópẹ̀n ni yín. Níbo ni pẹ̀rẹ̀gún bàbá yín wà?”

Ọládàpọ̀ la ẹnu. Ó wo apá ibi tí Ìjẹ̀bú-Igbó wà, bí ẹni pé wọ́n lè rí i láti ibẹ̀. Ó ní ilẹ̀ kan wà, kòkó wà níbẹ̀ nígbà kan, lójú ọ̀nà odò kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá òun ló mọ ibẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó kú.

Nimotalahi kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé okùn pákó rẹ̀ lé èjìká, torí wọ́n ti tẹ ojú yanrìn kẹta yánmayànma.

“Ẹ lọ wá a,” ó ní, “kí ẹlòmíràn tó fi ṣe òdòdó.”